Àwọn Mẹ́ta Tó Ṣẹ́kù

Mò ń bá ọmọ ọmọ mi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí fóònù mi dún. Ọjọ́ Àìkú ni, wọn kò tíì pe ìrun àsárì. A jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìlobù, èmi lórí àpótí, òun lórí bẹ́ǹṣì, ìwé rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kíláàsì kẹta ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọ mi tó bí i ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọmọ náà sọ́dọ̀ mi kí ilé má baà dá jù. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti kú.

Ìṣirò pínpín ni wọ́n fún un, èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Ìyá kan ní ẹyin méjìdínlógójì. Páálí kan ń gba ẹyin mẹ́fà. Páálí mélòó ni ìyá náà yóò lò láti kó gbogbo ẹyin rẹ̀? Ọmọ náà ti pín in. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹ́fà, ó ṣẹ́kù méjì, ó sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Mo bi í pé, "Méjì tó ṣẹ́kù yìí, ibo ni yóò wà?"

"Ó ṣẹ́kù náà ni, Màmá."

"Mo gbọ́. Ibo ni yóò wà?"

Ó wo ìwé, ó wò mí. "Nílẹ̀."

"Ẹyin, nílẹ̀?"

"Ìyá yẹn lè sè é jẹ."

Mo ní ó gbọ́n, ṣùgbọ́n kí ó padà ka ìbéèrè. Gbogbo ẹyin ni wọ́n wí. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó pa mẹ́fà rẹ́, ó kọ méje. Mo wá fún un ní ọ̀kan láti inú iṣẹ́ tèmi. Mo ní aṣọ yáàdì mẹ́tàlélógún lọ́wọ́, yáàdì mẹ́ta ni aṣọ ilé ìwé ọmọ kan ń gbà, aṣọ mélòó ni màá rí rán? Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ní méje, ó ṣẹ́kù méjì, lẹ́yìn náà ó rántí ẹyin, ó ní mẹ́jọ.

"Ìkẹjọ yẹn, ṣé ọmọ náà yóò wọ̀ ọ́ láìní ẹ̀yìn?"

Ẹ̀rín pa á débi pé ìwé bọ́ lórí itan rẹ̀. Mo jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín tán kí n tó sọ fún un pé pípín kò le, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìsọdipúpọ̀ lè pín nǹkan. Ohun tó le ni kí èèyàn mọ ohun tí yóò fi àṣẹ́kù ṣe. Ẹyin kò ṣeé jù sílẹ̀, torí náà a ó wá páálí sí i. Ègé aṣọ kò lè di odindi aṣọ, torí náà a ó fi í sílẹ̀. Ohun tí a ń pín ló ń sọ fúnni. Ẹnu èyí ni mo wà tí fóònù fi dún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló pè. Ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ọkọ sí Ìwó ti bímọ, òun fúnra rẹ̀ sì ti wà lọ́hùn-ún, ó ń wẹ ọmọ. Mo kí i kú ewu ọmọ, mo sì kí i kú oríire. Ó dúpẹ́. Ó ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti ń bọ̀, gbogbo agbo ilé ni yóò wá, òun kò sì sí nílé láti ṣètò ọkọ̀.

"Ìyàwó, ìwọ ni mo fẹ́ kí o bá mi mójú tó o. Ìwọ ló mọ ìṣirò nínú gbogbo yín."

Mo ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n."

"Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù sílẹ̀ o. Ojú àna la wà."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó dá fóònù dúró. Ọmọ ọmọ mi bi mí bóyá inú ń bí mi, mo ní rárá, kí ó lọ sí ìbéèrè tó kàn. Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹnu kan náà tó fi mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́bàá títì ló ń sọ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù. Ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí gan-an ni ọmọ ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo lọ wẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá ìyá ọmọ ti í ṣe. N kò sí ní Ìlobù nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìrìn àjò sí ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbà á ṣe. Nínú agbo ilé wa, a kì í ka èèyàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í na ìka sí àgbà kan kí a ní òun ni ẹ̀kẹta. Bí ìrìn àjò bá dé, abọ́ kan ni a ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó bá ń lọ á ju ẹ̀wà kan sí i. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹlòmíràn á bá a ju tirẹ̀. Ẹ̀wà ni a ó kà. Bí ẹ̀wà bá pé, a ó mọ iye ọkọ̀.

Ará Ìfọ́n ni ìyá mi. Ìfọ́n kò jìnnà sí wa, ọ̀kadà kan péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n kí wọ́n tó bí mi, ó sì máa ń gbóná, ó máa ń tutù. Bí ó bá gbóná, àwọn ará ilé ọkọ mi á máa pe àwọn èèyàn ìyá mi ní "àwọn ará ọ̀hún". Bí ó bá tutù, wọn á máa pè wọ́n ní àna. Lọ́dún tí a ń wí yìí, ará ọ̀hún ni wọ́n.

Síbẹ̀, ìyá mi wá ju ẹ̀wà tirẹ̀. Òun, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan jọ wá ni, ẹ̀wà mẹ́ta. Ìyá mi ti hun ọ̀já kan fún ọmọ náà, ọ̀já funfun tó ní ìlà pupa, ó sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò rẹ̀ pé òun ń lọ gbé ọmọ ọmọ ọmọ òun. Ẹ̀wà inú abọ́ jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan ń gba èèyàn méjìdínlógún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pín in dáadáa, n kò lè sọ pé kò pín in dáadáa. Méjì, ó ṣẹ́kù mẹ́ta. Ó háyà ọkọ̀ méjì.

Láti ẹnu àbúrò ìyá mi ni mo ti gbọ́ ìyókù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àsùbáà tán ni wọ́n ti wà lẹ́bàá títì. Kò sí ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀, àwọn awakọ̀ gan-an kò tíì dé. Nígbà tí àwọn ará ilé wa jáde, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀, ìyá mi ní kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ wọlé, òun kò kánjú. Ọkọ̀ kìíní kún. Ọkọ̀ kejì kún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọkọ̀ ti kún. Ẹni mẹ́ta ló ṣẹ́kù."

Ìyá mi ní, "Ṣé àwa mẹ́ta yìí ni?"

Ọkùnrin kan sọ láti inú ọkọ̀ pé, "Ará Ìfọ́n ló dé kẹ́yìn, àwọn náà ni àṣẹ́kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyá mi mọ ohùn ẹni tó sọ ọ́, ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Ìyá mi kò bá wọn jà. Ó na ọ̀já yẹn gba ojú fèrèsé, ó ní kí wọ́n bá òun fún ọmọ. Ó tún dúró síbẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ, bí ẹni pé ọ̀kan lè padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá ọ̀kadà, wọ́n padà sí Ìfọ́n.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì sọ èrò kalẹ̀, mo wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún yọjú wo inú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi na ọ̀já sí mi.

"Ìyá rẹ ní kí n fún ọ."

"Àwọn fúnra wọn dà?"

"Ọkọ̀ ló kún. Mọ́kàndínlógójì ni wá, ó ṣẹ́kù mẹ́ta. Ìyàwó, ìṣirò ni, kì í ṣe ìjà."

Mo gba ọ̀já náà. Mo kúnlẹ̀ kí i kú ìrìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi, mo sì lọ gbé oúnjẹ fún un. A kì í gbé ọmọ tuntun rìnrìn àjò kí ó tó pé ogójì ọjọ́. Kí ó tó pé ogójì, ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì dìde mọ́. Kò gbé ọmọ náà rí. Ìgbà tí a máa gbé ọmọ dé Ìfọ́n, ẹ̀gbẹ́ sàréè tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ la dúró sí, tí a ń ṣàdúrà.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi máa ń sọ pé mo ní sùúrù. Kì í ṣe sùúrù. Mo mọ bí a ti ń fi nǹkan pamọ́ ni, bí a ti ń ká aṣọ tí a kò tíì fẹ́ rán. Lọ́dọọdún, bí mo bá rí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ́jọ́ Iléyá, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, màá sì sọ lọ́kàn mi pé, mẹ́ta. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yẹn síwá sẹ́yìn. Ẹ̀wà kò ní orúkọ. Bí ẹ bá kó mọ́kàndínlógójì jọ, tí ẹ pín in tán, tí ó ku mẹ́ta nílẹ̀, kò sí ẹni tó lè mú ọ̀kan nínú rẹ̀ kí ó ní ti ìyá báyìí ni èyí. Ìṣirò kò mú ìyá mi. Èèyàn ló mú un, tó wá fi ìṣirò bojú.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n ṣètò ọkọ̀ Ìwó, mo gbé abọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo da ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún gbogbo ilé. Wọ́n wá, wọ́n ju tiwọn. Ìyá ọkọ mi, ìyá tó bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, kò lè dìde kíákíá mọ́, ó ní kí n bá òun ju tòun. Ó tún ní kí n mú ẹ̀wà tó dára, kí n má mú èyí tí kòkòrò ti jẹ. Mo mú èyí tó dára.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, mo gbé abọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo to ẹ̀wà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí méjìdínlógún àkọ́kọ́ ká, mo fa ti ìkejì, mo fa ti ìkẹta. Ó ṣẹ́kù mẹ́rin. Ẹ̀wà méjìdínlọ́gọ́ta ni gbogbo rẹ̀.

N kò ní purọ́, inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ó ṣẹ́kù. Bí ó bá pín géérégé, n kì bá mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo jókòó, mo ń wo mẹ́rin yẹn. Mo kọ́kọ́ fi ìyá ọkọ mi síbẹ̀. Mo rí i lọ́kàn mi bí yóò ti jókòó sórí àpótí lẹ́bàá títì, tí ọkọ̀ mẹ́ta yóò lọ. Mo rí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ìwó, tí yóò máa yọjú wo inú ọkọ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi: ìṣirò ni, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìjà. Ó dùn mọ́ mi lọ́kàn débi pé mo tún un rò, mo sì tún un rò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó mú mi pa èrò náà tì kì í ṣe àánú. Bí mo bá fi ìyá arúgbó sílẹ̀, èmi ni gbogbo ayé yóò máa sọ̀rọ̀ mi, kò sí ẹni tí yóò rántí ẹni tó kọ́ mi. Ìyá ọkọ mi kò sì ṣẹ̀ mí rí. Mo da mẹ́rin yẹn sí apá kan, mo fa ìlà kẹrin yí i ká. Ọkọ̀ kẹrin, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọmọ ọmọ mi. Ìgbà tí mo wá wo àárín ìlà kẹrin náà, tí mo rí bí ààyè inú rẹ̀ ti fẹ̀ tó, ni mo rí ohun tí mo ń wá. Ọkọ̀ mẹ́rin, ààyè méjìléláàádọ́rin. Àwọn ará ilé wa kò ju méjìdínlọ́gọ́ta lọ. Ààyè mẹ́rìnlá yóò ṣófo. Kò sí ẹni tó sọ fún mi ohun tí n ó fi kún un.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n.

Àbúrò ìyá mi ń sá láfún sórí àpáta nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí ó bá mi wá èèyàn mẹ́rìnlá nínú ilé wọn, àgbà ni kí wọ́n pọ̀ jù nínú wọn, kí wọ́n múra ìsọmọlórúkọ ní Ìwó.

"Ọmọ ta ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó dáwọ́ dúró.

"Ìyẹn pè wá?"

"Ààyè wà nínú ọkọ̀, Màmá."

"Mi ò béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

"Èmi ni mo pè yín."

Ó tún ń fi ọwọ́ tú láfún. "Kí wọ́n tún wá sọ pé àwa la ṣẹ́kù. Arúgbó ni mí báyìí, n kò lè dúró lẹ́bàá títì mọ́."

"Ọkọ̀ á wá gbé yín níbí, lẹ́nu ọ̀nà yín. Èmi ni mò ń pín in lọ́tẹ̀ yìí."

"Mẹ́rìnlá. Ṣé à ń lọ jà ni?"

"Rárá, Màmá. À ń lọ jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ fi ń mì, ó sì ní kí n bá òun gbé agbọ̀n sínú ilé, pé òun ní láti lọ wá aṣọ tó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ. Àwọn àna rẹ̀ ní Ìwó ni yóò bọ́ àlejò tiwọn, òun sì ni yóò bọ́ àwọn ará ilé wa. Ó fẹ́ mọ iye ike oúnjẹ tí òun yóò dì.

Mo ní, "Méjìdínlọ́gọ́ta ni ẹ̀wà inú abọ́."

"O kà á dáadáa?"

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n."

Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ̀wà ló béèrè, ẹ̀wà ni mo sọ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ mẹ́ta gbéra láti Ìlobù, gbogbo wọn kún, ìyá ọkọ mi wà níwájú ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú tìmùtìmù lẹ́yìn rẹ̀. Èmi àti àwọn mẹ́ta tó kù wọ ọkọ̀ kẹrin, a sì kọrí sí Ìfọ́n. Wọ́n ti dúró dè wá. Wọ́n fi àbúrò ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Àwọn ará ilé wa mẹ́ta tó wà pẹ̀lú mi wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ṣáà kí àwọn àgbà náà káàárọ̀, wọ́n sì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nígbà tí a dé Ìwó, àlùfáà ti jókòó, wọ́n ń retí wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jáde wá pàdé ọkọ̀, ó ti rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, àbúrò ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn tún tẹ̀ lé e. Mo dúró sí ibi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ rí i. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kàn wà níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ṣùgbọ́n àgbà ló wà níwájú rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ sì ń wò ó. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìrìn."

Àbúrò ìyá mi fọwọ́ kàn án léjìká. "A kú oríire o. Ọkọ̀ gbà wá lónìí."

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, àlùfáà ṣàdúrà, àwọn àgbà gbé ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ mi gbé e, ó sunkún díẹ̀. Ó wá yíjú sí àbúrò ìyá mi, ó ní kí òun náà gbé e. Ó gbé e, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè máa wò ó títí, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí oúnjẹ wà.

Ìyàwó ilé ní í pín oúnjẹ, èmi ni àgbà nínú àwọn ìyàwó tó wá. Ike méjìdínlọ́gọ́ta wà níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹran, gbogbo rẹ̀ jọra, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í fi oúnjẹ ṣòfò. Mo kọ́kọ́ fún àwọn ará Ìfọ́n. Àlejò ni wọ́n, kò sí ẹni tó lè bá mi wí. Mo fún ìyá ọkọ mi àti àwọn àgbà ilé wa. Mo fún àwọn ọmọdé, mo sì ń bọ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ike fi tán. Ó ku mẹ́rìnlá tí ọwọ́ wọn ṣófo. Ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi, ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ lọ́jọ́sí, wà lára wọn. Mo rí i dájú pé ó wà lára wọn.

Ó ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé oúnjẹ tòun dà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá bá mi lẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Èèyàn méjìléláàádọ́rin, ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ṣẹ́kù mẹ́rìnlá."

"Ṣé méjìdínlọ́gọ́ta kọ́ lo sọ fún mi?"

"Ẹ̀wà inú abọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ kẹrin ní ààyè, n kò fẹ́ kí ó ṣófo. Ẹ̀yin náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́kù."

Ó wo ìkòkò, ìkòkò ti mọ́. Kò lè lọ tọrọ oúnjẹ lọ́dọ̀ àna rẹ̀. Obìnrin tó bá tọrọ oúnjẹ nílé ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ títí ayé. Mo mọ èyí. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Àwọn wo ni wọ́n ṣẹ́kù, ẹ̀gbọ́n? Ẹ sọ orúkọ wọn, kí n lọ bá wọn sọ ọ́."

"O ò ní láti lọ."

"Ó dáa. Ẹ̀yin ló mọ̀ wọ́n jù."

Ó lọ. Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí i bí ó ti ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tí ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí, tí ó ń tọrọ àforíjì. Ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

"Kò kàn mí? Èmi tí mo wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́? Àwọn ará Ìfọ́n ń jẹ ẹran, ẹ ní kò kàn mí?"

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Àbúrò ìyá mi gbọ́ ọ, ó sì ń jẹ eegun rẹ̀ lọ́ra-lọ́ra.

Ìyá ọkọ mi ló bà á jẹ́ fún mi. Ó pe ọmọ rẹ̀ láti orí àga tí ó jókòó sí, kò pariwo.

"Kí lẹ ń fà bẹ́ẹ̀? Ìrẹsì ni, kì í ṣe èèyàn. Ẹ bù ú sí méjì, kí ẹni méjì jẹ ike kan. Wá gba tèmi."

Ó ti ya ìdajì ìrẹsì rẹ̀ sórí ìdérí ike, ó nà án sí ọkùnrin náà. Àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo wọn ti rí nǹkan jẹ, wọ́n tún ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló gba ẹran ńlá. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìrẹsì ṣeé bù sí méjì. Àṣẹ́kù oúnjẹ kò dà bí ti ẹyin, kò sì dà bí ti aṣọ, gbogbo ènìyàn lè jẹ nínú rẹ̀. N kò sọ ọ́ ni. Inú mi kò dùn sí ìyá ọkọ mi ní wákàtí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti rìn yí ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rìnlá náà ká kí ìyá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀, kò sí ìrẹsì tó lè gba ìyẹn padà. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò.

Mò ń fọ èyí tó tóbi jù nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá dúró lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé òun ni, nítorí ìró bàtà rẹ̀. N kò yíjú padà. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tí mo ti gba ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti mọ oríṣi mẹ́ta tí mo lè gbà dá a lóhùn bí ó bá ní kí n má bínú, gbogbo wọn ló le, n kò sì ní fi ọ̀kankan dárí jì í. Inú ilé, wọ́n ń pe àwọn ará Ìfọ́n pé kí wọ́n wá ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ.

Kò bẹ̀ mí. Kò bú mi. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó, ìyá rẹ ti lọ. Ta lò ń fi èyí hàn?"